Kí Abẹ́rẹ́ àti Oúnjẹ Lè Bára Pàdé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Àkókò Ínsúlíìnì

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n bí Frederick Banting ní 1891, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí ínsúlíìnì ní Toronto, ní Kánádà, láàárín 1921 sí 1922. Lọ́dọọdún, ohun tí a máa ń sọ lọ́jọ́ yìí ni ká jẹun níwọ̀n, ká máa rìn, ká lọ yẹ ṣúgà wò. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń gún ínsúlíìnì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn gún un, nítorí ohun kan wà tí èrò kíliníìkì kì í jẹ́ ká ráyè sọ fún wọn délẹ̀: ìgbà wo gan-an ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wọlé kí oúnjẹ tó wọlé, kí ni wọn yóò sì ṣe bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ dunjú bá yí ìṣe padà mọ́ wọn lọ́wọ́?

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Àkókò tí a gún ínsúlíìnì jẹ́ ara ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó gún yúníìtì 8 kó tó jẹun, àti ẹni tó gún yúníìtì 8 kan náà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ tán, ìtọ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà. Síbẹ̀, bí ṣúgà bá ti ga lẹ́yìn oúnjẹ, yúníìtì la máa ń sáré fi kún. A kì í béèrè aago. Mo gbà pé ìwà yìí ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láàárín wa, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀.

Nínú ara ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríàsì. Òun ló ń ṣe ínsúlíìnì. Bí ṣúgà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀jẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti tú ínsúlíìnì jáde sínú iṣan tó lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀, bí ṣúgà bá sì ti ń wálẹ̀, òun náà á máa dín èyí tó ń tú jáde kù. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ gún kò mọ irú ìyẹn. Abẹ́ awọ, nínú ọ̀rá, la gbé e sí. Ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, kó wọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín, kó wá yí ara ká. Ìrìn yẹn ń gba àkókò, bó bá sì ti wọlé, kò sí ẹni tó lè pè é padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ínsúlíìnì bí alábàárù tó lọ pàdé ẹrù ní gáréèjì. Bó bá dé kí mọ́tò tó dé, ẹrù ẹlẹ́rù ni yóò gbé: ṣúgà tí ọpọlọ fẹ́ lò ni yóò kó lọ, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, ojú á máa ṣú, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú lẹ́nu. Bó bá pẹ́ jù, ẹrù á ti kún ilẹ̀ bámú, ṣúgà á ti gun orí òkè. Èyí tó sì ń mú un ṣòro ni pé alábàárù tó pẹ́ dé kì í lọ nígbà tí ẹrù bá tán. Á ṣì máa wá nǹkan tí yóò gbé.

Lẹ́yìn oúnjẹ wa ojoojúmọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ga jù láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ wá wo bí àwọn ínsúlíìnì tó wà lọ́wọ́ wa ṣe ń rìn.

Oṣù kìíní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún ínsúlíìnì fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí ìtọ̀ ṣúgà ti fẹ́ẹ̀ pa tán ní ilé ìwòsàn ní Toronto. Láti ara ẹran ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nígbà náà. Ó gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju ti inú ara lọ. Ní 1969, Dorothy Hodgkin àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford gbé àwòrán bí ínsúlíìnì ṣe rí jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìtànṣán X-ray yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwòrán náà fi hàn pé mẹ́fà mẹ́fà ni ínsúlíìnì máa ń so mọ́ra yí síǹkì ká. Ìdì mẹ́fà yẹn tóbi jù fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú sí méjì-méjì, kó wá tú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títú yẹn ni ínsúlíìnì tí a mọ̀ sí soluble, èyí tó mọ́ gaara nínú ìgò, ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbára rẹ̀ á pọ̀ jù láàárín wákàtí 2 sí 4, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ títí di wákàtí 6 sí 8. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń sọ pé, “Mà, ẹ gún un, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó jẹun.” Bákan náà ni pẹ̀lú Mixtard 30, nítorí soluble ni ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, èyí tó kù ni ínsúlíìnì onífunfun tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní 1996, wọ́n fún lispro ní ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ Humalog. Ohun tí wọ́n ṣe kéré lójú: àwọn ámínò ásíìdì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n pààrọ̀ ipò wọn, kí ìsopọ̀ mẹ́fà-mẹ́fà yẹn lè tètè tú. Aspart, tí a mọ̀ sí NovoRapid, tẹ̀lé e, glulisine tí wọ́n ń pè ní Apidra sì tún dé. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 ni àwọn wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀, agbára wọn á pọ̀ jù láàárín wákàtí 1 sí 2, wọ́n á sì kúrò nílẹ̀ láàárín wákàtí 3 sí 5. Ní 2017, wọ́n fún Fiasp ní ìwé àṣẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà: aspart kan náà ni, wọ́n fi ọ̀kan nínú ẹbí fítámì B3 kún un kó lè tètè wọ ẹ̀jẹ̀, débi pé a lè gún un bí a bá ti fẹ́ gbé òkèlè àkọ́kọ́.

Ibi tí wàhálà ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá kan ti ń lo soluble láti ọdún pípẹ́, ó ti mọ́ ọn lára kó gún un, kó lọ wẹ̀, kó gbé ọbẹ̀ kaná, kó tó jókòó sídìí oúnjẹ. Wọ́n wá fún un ní aspart. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé aago ti yí padà. Ó gún un, ó lọ wẹ̀, ọbẹ̀ kò sì tíì gbóná nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdàkejì rẹ̀ wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ láwọn ọdún tí oògùn ti gbówó lórí yìí: ẹni tó ti ń lo NovoRapid tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó tán, tí ó wá padà sí soluble tó rí rà nítòsí. Ó gún un ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó jẹ ẹ̀bà lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára. Ṣúgà ẹ̀bà ga jù ní aago mẹ́sàn-án kọjá. Agbára soluble pọ̀ jù láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá, nígbà tí ẹ̀bà ti ń lọ tán, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti sùn. Bó bá wọn ṣúgà ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, yóò rò pé oògùn náà kò lágbára. Bó bá fi yúníìtì kún un lọ́jọ́ kejì, inú oorun ni ewu yóò ti bá a. Yúníìtì kan náà, ènìyàn kan náà, ẹ̀bà kan náà. Àkókò nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, nígbà tí ẹ bá fún èèyàn ní ínsúlíìnì tó yàtọ̀ sí èyí tó ń lò, ẹ sọ ìṣẹ́jú rẹ̀ fún un kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ kò pààrọ̀ ìgò rárá. Ìṣe rẹ̀ ṣì lè yí padà, awọ ara sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Awọ ikùn ni ínsúlíìnì ti ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ jù, apá tẹ̀lé e, itan àti ìdí ló lọ́ra jù. Ìyàtọ̀ yẹn hàn gan-an pẹ̀lú soluble. Ó kéré pẹ̀lú àwọn tó yára, àmọ́ ó ṣì wà. Ẹni tó ń gún un síkùn láàárọ̀, tó ń gún un sítan lálẹ́, kò gbọ́dọ̀ retí aago kan náà.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kókó ọ̀rá. Ínsúlíìnì máa ń mú kí ọ̀rá dàgbà níbi tí a bá ti ń gún un léraléra. Ojú ibẹ̀ á wú, á le díẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dunni mọ́, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ máa ń fẹ́ padà sí, pàápàá fún àwọn ọmọdé tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ínsúlíìnì tó bá wọ inú kókó náà kò ní aago kankan. Lónìí yóò pẹ́, lọ́la apá kan rẹ̀ ni yóò jáde, lọ́túnla gbogbo rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá délé, ẹ tan iná, ẹ fi ìka tẹ ibi tí ẹ ti ń gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí kókó mìíràn wà tí ojú kò rí àmọ́ tí ọwọ́ mọ̀. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ máa sún láti ibì kan sí ibòmíràn, kí àyè ìka kan ó kéré tán wà láàárín ojú abẹ́rẹ́ méjì, kí ẹ sì yẹra fún lílo abẹ́rẹ́ kan títí yóò fi kújú, bí owó bá ti lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọjọ́ tí ẹ bá kúrò lórí kókó bọ́ sórí awọ tó dára, ìwọ̀n tí ẹ ti ń lò lè pọ̀ jù fún yín lójijì, nítorí gbogbo rẹ̀ ni yóò dé báyìí, yóò sì dé lásìkò. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa dídín in kù, ẹ sì máa wọn ṣúgà léraléra lọ́sẹ̀ náà.

Ooru àti iṣẹ́ ara náà ń yí aago padà. Omi gbígbóná tàbí oòrùn ọ̀sán ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lábẹ́ awọ, ínsúlíìnì á sì tètè wọlé. Robert Daniel Lawrence, dókítà ará Scotland tí òun fúnra rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà tí ínsúlíìnì sì gbà là ní 1923, ti kọ̀wé ní 1926 nípa bí iṣẹ́ ara ṣe ń ràn ínsúlíìnì lọ́wọ́. Ní 1978, Koivisto àti Felig fi hàn pé ẹni tó bá gún un sí ẹsẹ̀, tó wá fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́, ínsúlíìnì rẹ̀ yóò tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Bàbá tó ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ lọ sóko kò gbọ́dọ̀ gún un sítan kó tó gbéra.

Kíndìnrín ń kó ipa nínú fífọ ínsúlíìnì kúrò lára. Bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì, èyí tí ìtọ̀ ṣúgà tó pẹ́ máa ń fà, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ínsúlíìnì lè má yí padà, àmọ́ òpin rẹ̀ á gùn. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ti máa ń kúrò nílẹ̀ láàárín wákàtí 4 tẹ́lẹ̀ á wá rí i pé ṣúgà ṣì ń já wálẹ̀ ní wákàtí 6. Bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ṣúgà tó ń wálẹ̀ láìnídìí, tí àwọn ènìyàn ń kí i kú oríire pé ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ń lọ, ẹ gbé e lọ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò.

Àpòlúkù náà ń kọ́? Ìtọ̀ ṣúgà tó pẹ́ lára lè ba iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí àpòlúkù jẹ́. Oúnjẹ á wá pẹ́ níbẹ̀, inú ẹni náà á wú, á tètè yó, á máa gúnfẹ̀ẹ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ínsúlíìnì tó yára lè yára jù. Yóò ti lo gbogbo agbára rẹ̀ kí oúnjẹ tó kúrò ní àpòlúkù. Àwọn dókítà máa ń ní kí ẹlòmíràn nínú wọn gún un lẹ́yìn tó ti jẹun, tàbí kí wọ́n padà sí soluble. Ohun tó dà bí ìpadàsẹ́yìn lójú àwọn tó ń lé oògùn tuntun kiri lè jẹ́ ìtọ́jú tó tọ́ gan-an.

Òwúrọ̀ náà tún yàtọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara máa ń tú àwọn hòmóònù kan jáde tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀, tó sì ń mú kí ara ṣe agídí sí ínsúlíìnì. Nítorí náà ni ìṣẹ́jú tó tó fún oúnjẹ alẹ́ kì í fi í tó fún oúnjẹ àárọ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ wá wo ohun tí à ń jẹ láàárọ̀: ògì, búrẹ́dì, tíì. Ògì jẹ́ ọ̀kan nínú oúnjẹ tó ń yára di ṣúgà jù nílẹ̀ wa, nítorí a ti rẹ àgbàdo, a ti lọ̀ ọ́, a ti sẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò, a sì tún ti sè é. Mo mọ̀ pé ó dùn pẹ̀lú àkàrà, àkàrà náà sì ń ràn án lọ́wọ́ láti rọra wọlé. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín wà ní òdìkejì. Wọ́n lọ́ra, ẹni tó bá gún aspart ní ìṣẹ́jú 20 kó tó jẹ abọ́ ẹ̀wà lásán lè rí i pé ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè. Oúnjẹ tí òróró àti ẹran pọ̀ nínú rẹ̀, bí ìrẹsì àríyá pẹ̀lú ẹran díndín àti dòdò, máa ń gbé ṣúgà rẹ̀ sókè ní wákàtí 3 sí 5, nígbà tí ẹni náà ti rò pé òun ti bọ́.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá àkókò ló ṣì tàbí ìwọ̀n? Ẹ wo ibi tí ṣúgà wà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Bó bá ga jù ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá wálẹ̀ jù ní ìparí, ínsúlíìnì ló pẹ́ dé. Ẹ gún un ṣáájú sí i. Bó bá wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ga ní ìparí, ínsúlíìnì ló ṣáájú oúnjẹ. Ẹ sún un sẹ́yìn. Bó bá ga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìgbà yẹn ni ìwọ̀n lè kéré, tàbí kí oògùn ti bàjẹ́, tàbí kókó ọ̀rá, tàbí àìsàn bí ibà àti egbò tó ti kẹ̀. Bó bá sì wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwọ̀n ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ká ní obìnrin kan wọn 120 mg/dL kó tó jẹ oúnjẹ àárọ̀, ó gún lispro, ó sì jẹun lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, 260. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, 75. Ẹni tó bá wo 260 nìkan á ní kó fi yúníìtì 3 kún un. 260 yẹn lè di 235, àmọ́ 75 yẹn lè di 40, ibi tí èèyàn ti ń ṣubú. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà méjèèjì á rí i pé ìwọ̀n kò ní àbùkù, ó ti tó pátápátá. Kó máa sún un ṣáájú díẹ̀díẹ̀, títí dé ìṣẹ́jú 15 kó tó jẹun, ni ó kù. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì tó wà níbí lónìí kọ àpẹẹrẹ yìí sílẹ̀.

Nípa oògùn tó bàjẹ́, ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, láàárín 2 sí 8 °C, kó má ṣe dì rárá. Èyí tó bá ti dì ti di dídànù. Èyí tí a ti ṣí lè wà níta níbi tí ooru kò ti ju 30 °C lọ, fún nǹkan bí ọjọ́ 28 fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Níbi tí iná mànàmáná kò dúró, ìkòkò amọ̀ méjì tí a ti ọ̀kan bọnú èkejì, tí a sì fi yanrìn tútù sáàárín wọn, ń ṣiṣẹ́ gidi. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ wa láti Jígáwá, gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 fún irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, tó ṣe fún títọ́jú èso àti ẹ̀fọ́. Ní 2021, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva gbé ìwádìí jáde pé àwọn ínsúlíìnì tí wọ́n yẹ̀ wò lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ooru tó ń lọ sókè-sódò láàárín 25 sí 37 °C láìpàdánù agbára tó ṣe pàtàkì. Kí ẹni tí kò ní fíríìjì má bàa sọ̀rètí nù ni mo ṣe mú un wá. Kì í ṣe àyè láti gbé ìgò sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń tún aago ṣe. Owó sítíríìpù tí a fi ń wọn ṣúgà wọ́n, mo mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wọn ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ kẹta, nọ́ńbà á kún ìwé, kò sì sí èyí tó bá èkejì sọ̀rọ̀. Ẹ kó sítíríìpù yín jọ sórí oúnjẹ kan ṣoṣo. Ẹ mú oúnjẹ tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, lọ́jọ́ tí ara yá, tí ínsúlíìnì tó yára kò ti sí lára láti wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, tí ṣúgà sì wà láàárín 100 sí 180 mg/dL. Ẹ wọn kí ẹ tó gún un, ẹ wọn ní wákàtí kan, ní wákàtí méjì, ní wákàtí mẹ́rin. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá ní ẹ sún un, ìṣẹ́jú 5 péré ni kí ẹ sún un, kí ẹ tún oúnjẹ kan náà jẹ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ tún wọn. Ẹ má ṣe dá ju ìṣẹ́jú 20 lọ ṣe pẹ̀lú èyí tó yára láìbá dókítà sọ̀rọ̀, kí ohun dídùn sì wà nítòsí yín. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá yóò rí i pé ó rọrùn, kí wọ́n kàn rántí pé omi abẹ́ awọ ló ń wọn, ó sì máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀.

Bí ṣúgà bá kéré sí 70 kí ẹ tó jẹun, ẹ má gún un síbẹ̀. Ẹ mu ṣúgà gíráàmù 15, ìyẹn kóró ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí ìlàjì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá wà láàárín 70 sí 100, ẹ gún un bí ẹ ti ń jẹun. Bó bá ga ju 200 lọ, ó sàn kí ẹ dúró díẹ̀ sí i kí oúnjẹ tó wọlé, nítorí ara tí ṣúgà kún máa ń lọ́ra gbọ́ràn sí ínsúlíìnì.

Ẹ má sì gún òmíràn lé òmíràn. Ẹni tó gún un ní aago kan, tó wọn 250 ní aago méjì, tó tún gún un, tó rí 230 ní aago mẹ́ta, tó tún gún un, gbogbo rẹ̀ yóò pàdé lára rẹ̀ ní aago mẹ́rin.

Ọkùnrin kan wà tó fi irú wíwọ̀n yìí yí ayé ara rẹ̀ padà. Richard Bernstein, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tí ìtọ̀ ṣúgà mú láti ọmọ ọdún 12, fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ra ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà ní 1969, nígbà tí wọn kì í tà á fún aláìsàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ó rí ohun tí oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ ń ṣe fún ara wọn. Nígbà tí àwọn dókítà kò fetí sí i, ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà lẹ́yìn tó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹran, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ló pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, soluble ló sì fẹ́ràn láti fi bá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rìn, nítorí ó rí i pé ìlọ́ra àwọn méjèèjì bára mu. Kì í ṣe gbogbo ohun tó kọ́ni ni mo fara mọ́, àmọ́ lórí èyí, ó ríran.

Àríyá wa kò ní aago, ẹ kò ní kí n má sọ ọ́. Ìwé ìpè ní aago méjìlá, oúnjẹ dé ní aago mẹ́ta. Ẹ má gún ínsúlíìnì tó yára nítorí pé ẹ rí àwọn tó ń gbé àwo kọjá. Kí àwo yín wà níwájú yín. Ṣúgà á ga díẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju kí ẹ dákú láàárín èrò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ kékeré tí a kò mọ̀ bóyá yóò jẹun tán: a lè gún èyí tó yára fún un lẹ́yìn oúnjẹ, ní ìwọ̀n ohun tó jẹ, bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Fún àwọn Mùsùlùmí wa, kí oṣù Ramadan tó wọlé ni kí ẹ ti lọ bá dókítà, nítorí aago gbogbo ìtọ́jú yóò yí, ewu sì wà gan-an fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní. Nígbà ìṣínu, ọ̀pọ̀ máa ń fi dàbínù àti omi ṣínu, wọ́n á kírun Mọ́gàríbì, wọ́n á wá jẹun gidi. Oúnjẹ gidi yẹn ni kí abẹ́rẹ́ tó yára bá rìn. Bí ṣúgà bá kéré sí 70, tàbí tó ga ju 300 lọ, ẹ ṣínu nígbàkígbà tó wù kó jẹ́. Àlùkùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Lórí káàdì tí ẹ ń fún àwọn ènìyàn wa, ìlà kan wà fún orúkọ ínsúlíìnì, ìlà kan wà fún yúníìtì. Ẹ fa ìlà kẹta sí i, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ síbẹ̀, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti alẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, nítorí yóò yí padà: bí ìgò bá yàtọ̀, bí kíndìnrín bá yàtọ̀, bí ọmọ bá dàgbà. Ẹ sì béèrè rẹ̀ nígbà gbogbo tí wọ́n bá padà wá, kí ẹ tó fọwọ́ kan yúníìtì.